Ṣé O Mọ̀? Ohun Tó Ń Kùn Nísàlẹ̀ Ẹ́ńjìnnì

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ tó sọ mọ́tò di nǹkan mẹ̀kúnnù kò ní pọ́ǹpù ọ́ìlì nínú? Ford Model T ni. Láti 1908 títí di 1927, iye tí wọ́n ṣe jáde lé ní mílíọ̀nù 15, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò kò ní bá pọ́ǹpù ọ́ìlì kankan níbẹ̀. Fúláíwíìlì, irin róbótó ńlá tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n jẹ́ kó máa yí nínú ọ́ìlì, kó máa ta á káàkiri. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan a gba díẹ̀ nínú èyí tó ta sókè, a sì jẹ́ kó rọra ṣàn lọ sí iwájú. Agbára ẹ́ńjìnnì náà kò ju ti ẹṣin 20 lọ, eré rẹ̀ kò sì pọ̀, nítorí náà títa-ká yẹn tó o. Fi irú ètò bẹ́ẹ̀ sínú Corolla tó ń sáré láti Èkó lọ sí Ìbàdàn lónìí, ẹ́ńjìnnì á ti nọ́ọ̀kì kí o tó dé Ṣágámù.

Ṣáájú Model T pàápàá, ọmọ aláwọ̀ dúdú kan ti wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Elijah McCoy ni. Kánádà ni wọ́n ti bí i, fún àwọn òbí tó sá kúrò lóko ẹrú ní Kentucky. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Scotland, ṣùgbọ́n nígbà tó dé Michigan, iṣẹ́ kíkó èédú sínú iná rélùwéè ni wọ́n rí fún un, nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Rélùwéè ìgbà yẹn ń dúró lóòrèkóòrè kí wọ́n lè ta ọ́ìlì sí i. Ní 1872, McCoy gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ife kan tó ń kán ọ́ìlì sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, láìdá ẹ̀rọ dúró.

Ṣé o mọ̀ pé kiráńkì, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, kì í jókòó lórí irin? Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, orí ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ló ń léfòó sí, kò sì ní fara kan bẹ́rìn, irin tó yí i ká. Beauchamp Tower, ẹnjiníà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣèèṣì rí èyí ní nǹkan bí 1883. Ó ń dán bẹ́rìn rélùwéè wò, ó sì lu ihò sí i lókè kí ó lè máa gba ibẹ̀ da ọ́ìlì sí i. Ọ́ìlì kọ̀, kò wọlé. Ńṣe ló ń tú jáde láti inú ihò náà. Ó fi kọ́ọ̀kì dí i, kọ́ọ̀kì fò yọ. Ó fi igi dí i, igi náà fò yọ. Ìgbà yẹn ló tó hàn pé yíyí tí irin ń yí ló ń ki ọ́ìlì mọ́lẹ̀, tó fi lágbára láti gbé ẹrù. Ní 1886, Osborne Reynolds fi ìṣirò ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù kọ́ ló ń gbé kiráńkì dúró, nígbà náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ọ́ìlì má ṣe wọ́n níbi tí yíyí yẹn ti ń lò ó.

Ṣé o mọ̀ pé awòràwọ̀ kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ya irú pọ́ǹpù tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ? Johannes Kepler, ará Jámánì tó wádìí bí àwọn plánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí oòrùn po, ni mò ń wí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ fún Ọba Rudolf Kejì ní Prague, ó ya pọ́ǹpù kan tó ní jíà eléyín méjì tó ń yí nínú àpótí kan, tí kò ní fáfù kankan, kí wọ́n lè máa fi fa omi kúrò nínú ihò ìwakùsà. Kí Kepler tó dé ibẹ̀, Agostino Ramelli, ará Ítálì, ti tẹ ìwé àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ jáde ní Paris ní 1588, pọ́ǹpù tó ń fi abẹ gbá omi lọ sì wà nínú rẹ̀. Pọ́ǹpù eléyín, pọ́ǹpù alábẹ: àwọn méjèèjì tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ṣì ń fi wéra lónìí ti wà ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú mọ́tò. Ohun tó kù tí ayé ń bá wọn fà ni ariwo.

Ṣé o mọ̀ pé o lè fi ìṣirò mọ ohùn tí pọ́ǹpù yóò máa ké? Kò sí pọ́ǹpù eléyín tí ọ́ìlì ń jáde nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà ṣáá. Àlàfo àárín eyín kọ̀ọ̀kan ń bu ọ́ìlì tirẹ̀, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó tú u sílẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Ìtújáde kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìkọlù kékeré. Bí jíà inú pọ́ǹpù bá ní eyín 6, tí kiráńkì ń yí i ní ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìkọlù 300 ni yóò wáyé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Etí ń gbọ́ ohùn yẹn kedere, àwọn mìíràn tó jẹ́ ìlọ́po méjì àti ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ a sì máa tẹ̀ lé e. Tẹ ẹsẹ̀ mọ́ eré, ohùn á gòkè. Gbé ẹsẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì bá ní òun gbọ́ nǹkan tó ń hun yùn-ùn-ùn, tó sì ń bá eré ẹ́ńjìnnì lọ sókè sódò, ìṣirò yìí ni etí rẹ̀ ti ṣe tán láìlo bírò.

Iye ọ́ìlì tó ń kọjá náà yani lẹ́nu. Ká ní pọ́ǹpù kan ń gbé mìlílítà 10 jáde ní yíyí kan. Ní yíyí 3000, lítà 30 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọ́ìlì inú ọkọ̀ bá jẹ́ lítà 4, gbogbo rẹ̀ ti gba inú pọ́ǹpù kọjá ju ẹ̀ẹ̀méje lọ kí ìṣẹ́jú yẹn tó pé.

Ṣùgbọ́n ìtújáde nìkan kọ́ ló ń fa ariwo. Nígbà tí eyín jíà méjì bá wọ inú ara wọn, wọ́n máa ń há ọ́ìlì díẹ̀ mọ́ àárín. Ọ́ìlì kò ṣe é fún mọ́ra bí afẹ́fẹ́. Bí kò bá rọ́nà lọ, pírẹ́ṣọ̀ rẹ̀ á ga lójijì, á gbá irin, irin á dún. Oògùn rẹ̀ kéré débi pé ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe lè má fiyè sí i: ojú ọ̀nà tóóró kan ni, tí wọ́n gbẹ́ sára ìdérí pọ́ǹpù kí ọ́ìlì tó há lè gba ibẹ̀ sá lọ. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ jù, ọ́ìlì tó ti dé ẹnu ọ̀nà á padà sẹ́yìn, agbára pọ́ǹpù á dínkù. Bí kò bá tó, ariwo kò ní lọ. Tèmi ni pé ojú ọ̀nà tóóró yìí ni wọ́n fi ń dá ọlọ́gbọ́n ayapọ́ǹpù mọ̀, ju orúkọ tó bá kọ sára páálí lọ.

Ṣé o mọ ìdí tí ọkọ̀ tí a ń fọwọ́ pààrọ̀ jíà rẹ̀ fi máa ń ké wìì-ìn nígbà tó bá ń fi ríífáàsì lọ sẹ́yìn? Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, eyín jíà iwájú dàgẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n eyín ti ríífáàsì lọ tààrà. Eyín tó dàgẹ̀rẹ̀ máa ń rọra wọnú ẹnìkejì rẹ̀, láti etí kan dé etí kejì. Eyín tó lọ tààrà ń pàdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ara. Bákan náà ló rí nínú pọ́ǹpù ọ́ìlì oníjíà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: bí wọ́n bá dá eyín rẹ̀ ní àgẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ á rọ̀. Àmọ́ àgẹ̀rẹ̀ yẹn ń ti jíà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè máa ha ara ìdérí. Pọ́ǹpù oníjíà méjì kò gbówó lórí, ó lágbára, ó sì máa ń fara da ìdọ̀tí díẹ̀. Ká sọ òtítọ́, òun náà ló máa ń pariwo jù láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ wa yàtọ̀. Gerotor ni wọ́n ń pè é, Myron Hill ará Amẹ́ríkà ló sì gbajúmọ̀ lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Jíà kan wà nínú èkejì: ti inú ní eyín kan dín sí ti ìta, àárín wọn kò sì ṣe déédéé. Bí ti inú bá ní 6, ti ìta á ní 7. Bí wọ́n ṣe ń yí, àwọn àlàfo àárín wọn ń fẹ̀ sí i ní apá kan kí ọ́ìlì lè wọlé, wọ́n sì ń súnkì ní apá kejì kí ó lè jáde. Ìyanu rẹ̀ ni pé àwọn jíà méjèèjì ń yí sí ọ̀nà kan náà, eré wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà eyín kì í kọlu eyín; ńṣe ni wọ́n ń yọ́ kọjá lára ara wọn. Corolla tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ, èyí tó kún títì wa bámúbámú, irú rẹ̀ ló ní, níwájú ẹ́ńjìnnì, tí kiráńkì fúnra rẹ̀ ń yí.

Ibi tí kiráńkì ti ń yí i tààrà yìí gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Kiráńkì sanra, pọ́ǹpù tó bá sì máa yí i ká gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Pọ́ǹpù tó fẹ̀, tó ń yí ìgbà 6000 ní ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ ń sáré gan-an ni, ọ́ìlì kì í sì í rí àyè wọlé kánkán tó bẹ́ẹ̀. Àlàfo tí kò kún á di ibi tí pírẹ́ṣọ̀ ti já sílẹ̀, ìfófòó wẹ́wẹ́ á yọ nínú ọ́ìlì. Nígbà tí ìfófòó yẹn bá dé apá tí pírẹ́ṣọ̀ ti ga, á fọ́ pòpòpò, ohùn á di ṣá-ṣá-ṣá, díẹ̀díẹ̀ á sì máa jẹ ojú irin. Nǹkan kan náà yìí ló ń ta àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ òkun lófò: abẹ ìtukọ̀ wọn á fa ìfófòó sínú omi, ìfófòó á fọ́, ọ̀tá á gbọ́ ọ lókèèrè.

Nítorí èyí, àwọn ilé iṣẹ́ kan gbé pọ́ǹpù wọn sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, sítòsí ọ́ìlì, wọ́n sì ń fi ṣéènì yí i. Ó ṣeé ṣe kó kéré sí i, kó sì máa yí jẹ́jẹ́ ju kiráńkì lọ. Ṣùgbọ́n ṣéènì náà ní ariwo tirẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí ariwo kò ní gbà wá owó orí rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé 7 lè dákẹ́ ju 8 lọ? Nínú pọ́ǹpù onípísítìnì, irú èyí tó wà nínú katapílà àti bàálù, ọ́ìlì ń jáde nínú písítìnì kọ̀ọ̀kan ní títẹ̀lé-ara. Ènìyàn á rò pé bí písítìnì bá ṣe pọ̀ tó ni ìṣàn á ṣe dọ́gba tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 8, ìṣirò fi hàn pé ìṣàn á máa lọ sókè sódò ní nǹkan bí ìdá 7.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá jẹ́ 7 péré, á wálẹ̀ sí ìdá 2.5. Àní 7 sàn ju 10 lọ, nítorí pé nínú nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì, písítìnì méjì kì í dé òpin iṣẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí o fi máa ń bá 7 tàbí 9 nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ìmọ̀ yìí tún ní ẹ̀gbọ́n kan. Wo táyà ọkọ̀ rẹ dáadáa: àwọn òkè kéékèèké tó wà lójú rẹ̀ kò gùn bákan náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bí gbogbo wọn bá dọ́gba, táyà á máa ké ohùn kan ṣoṣo lórí ọ̀dà, irú ohùn bẹ́ẹ̀ a sì máa gún ni létí ju ariwo rúdurùdu tó lágbára kan náà lọ. Àwọn tó ń ṣe pọ́ǹpù alábẹ náà máa ń ṣe irú rẹ̀: wọn kì í jẹ́ kí àyè àárín abẹ kan àti èkejì ṣe déédéé. Ariwo náà kò kúkú parẹ́. Wọ́n fọ́n ọn ká kí etí má bàa rí ibi dì í mú ni.

Pọ́ǹpù alábẹ òde òní ṣe ju èyí lọ. Òrùka kan yí abẹ rẹ̀ ká, òrùka náà sì ń sún. Bí bíréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, bá rí i pé ẹ́ńjìnnì kò nílò ọ́ìlì púpọ̀, á jẹ́ kí òrùka sún sí àárín gbùngbùn, ọ́ìlì tó ń jáde á dínkù, epo bẹntiróòlù tó ń jó á dínkù, ariwo náà á wálẹ̀. Pọ́ǹpù àtijọ́ kò gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbára rẹ̀ ló ń fi fa ọ́ìlì, fáfù kan á sì máa dá èyí tó pọ̀ jù padà. Fáfù yẹn náà lè máa gbọ̀n, kó máa dún.

Èwo ló wá sàn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Lórí ariwo nìkan, alábẹ tí wọ́n bá ṣe dáadáa ni mo gbà fún, gerotor tẹ̀ lé e, oníjíà méjì gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì ayédèrú ṣe pọ̀ lọ́jà wa, tí àwọn ẹlòmíràn sì ń fi oṣù méje lo ọ́ìlì oṣù mẹ́ta, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti máa yọ̀ mọ́ pọ́ǹpù alábẹ. Ìdọ̀tí díẹ̀ ti tó láti mú òrùka yẹn lẹ̀. Gerotor ni pọ́ǹpù títì wa.

Ṣé o mọ̀ pé pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo sí afẹ́fẹ́? Irin kékeré ni, ó pamọ́. Ìkọlù inú ọ́ìlì ló ń gba ara ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀ dé àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀, àwo páànù fẹ́lẹ́ yìí ló sì ń gbọ̀n bí awọ ìlù, tó ń kéde ohun tí pọ́ǹpù rọra sọ. Nítorí náà, àwọn kan fi páànù méjì ṣe àwo náà, wọ́n sì fi ohun rírọ̀ sí àárín méjèèjì kí ó lè gbé ìgbọ̀n mì. Ìgbà mìíràn, àwo ni wọ́n pààrọ̀, ènìyàn á rò pé pọ́ǹpù tuntun ni wọ́n fi sí i.

Etí pàápàá kì í ṣe adájọ́ tó rọrùn. Bí o bá dín agbára ariwo kù sí ìdajì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ló máa wálẹ̀, ènìyàn kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́dọ̀ wálẹ̀ tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 kí etí tó gbà pé ó ti di ìdajì.

Ṣé o mọ̀ pé ọ́ìlì fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì lẹ́nu mọ́? Cadillac V16 tó jáde ní 1930 ń fi pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì dí àlàfo tó máa ń jẹ́ kí fáfù dún tíkí-tíkí-tíkí. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ń fi ọ́ìlì na ṣéènì táímìn-ìn wọn bákan náà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọkọ̀ fi lè dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ní òwúrọ̀, kó tó dákẹ́: ọ́ìlì kò tíì gòkè dé ibẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ fílítà ọ́ìlì, rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà sísàlẹ̀ lóru. Fílítà olówó pọ́ọ́kú tí rọ́bà rẹ̀ ti gan lè fa ariwo tí wọ́n á fi tú odindi ẹ́ńjìnnì lórí asán.

Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ alárékérekè mọ ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbó, tó ń lù kọ́-kọ́-kọ́, wọ́n á da ọ́ìlì tó ki gan-an sí i. Ọ́ìlì tó ki máa ń kún àlàfo, ohùn á sọ̀ kalẹ̀ títí tí oníbàárà á fi sanwó. Nítorí náà, bí o bá ń lọ ra tòkunbọ̀, sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe ṣáná sí i kí o tó dé. Fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ti gbóná, o mọ ohun tó yẹ kí o bèèrè.

Ìdákẹ́jẹ́ lè mú ewu tirẹ̀ wá. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 2.0 TDI kan tí Volkswagen àti Audi lò ní àwọn ọdún 2000, wọ́n fi irin méjì tó ń yí sísàlẹ̀ kí ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì lè dínkù, wọ́n sì jẹ́ kí ètò yẹn máa yí pọ́ǹpù ọ́ìlì. Ọ̀pá kékeré oníhà mẹ́fà kan ló so wọ́n pọ̀. Ìhà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á jẹ, ọ̀pá á di róbótó, á máa yí lásán, pọ́ǹpù tí ara rẹ̀ ṣì dá pé á dúró gbagidi. Ẹ́ńjìnnì tó rọra ń lọ wọ́rọ́wọ́rọ́ á ṣòfò nítorí irin tí kò tó ìka ọwọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ tún máa ń jẹ́ kí ohùn kékeré hàn síta. Ní 1958, David Ogilvy kọ ìpolówó kan fún Rolls-Royce, pé bí ọkọ̀ náà bá ń sáré máìlì 60 ní wákàtí kan, aago inú rẹ̀ ló ń pariwo jù. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ oníná ti wá rí i pé òótọ́ wà nínú àwàdà yẹn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò sí mọ́ láti bo ohùn mọ́lẹ̀, pọ́ǹpù kékeré tó ń gbé ọ́ìlì lọ sára mọ́tò iná àti jíà rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kì bá tí gbọ́ láyé, di ohun tí ènìyàn ń gbọ́ nínú ọkọ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù. Ṣé o mọ̀ pé iná pupa ọ́ìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í tàn nítorí pé ọ́ìlì ń dínkù? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìgbà tí pírẹ́ṣọ̀ bá ti já wálẹ̀ pátápátá ló tó tàn. Má ṣe sọ pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, fa géèjì ọ́ìlì yọ wò, kí o sì pe mẹkáníìkì rẹ.